Ọ̀rọ̀ Kan, Ilé Púpọ̀: Lórí Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Náà "Estate"

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìjàpò, ní ìlú Àkúrẹ́

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ béèrè lọ́wọ́ wa pé ọ̀rọ̀ wo ni a ó sọ, a dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé a ń ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni a sọ fún un. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni, nínú ọ̀rọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó so mọ́ orúkọ àdúgbò tí a jókòó sí yìí, tí gbogbo wa ń pè lójoojúmọ́, tí a kì í sì í dá dúró kí a bi í pé, "Ìwọ ta ni? Níbo ni o ti wá?" Ọ̀rọ̀ náà ni "estate".

Kì í ṣe láti fi ọgbọ́n ìwé ṣe fáàrí ni a fi yàn án. Ọ̀ràn kan ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. A ó sọ ọ́ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé àwọn tí ó kàn wà láàyè, wọ́n sì fún wa ní àyè láti sọ ọ́, kí ó lè ṣe ẹlòmíràn ní àǹfààní.

Bàbá kan nínú ìjọ wa lọ sí ilé ìsinmi rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni tí ó ti kú tipẹ́, bí fún un. Àwọn wọ̀nyí ń gbé ní Oǹdó, wọ́n ń tọ́jú oko kòkó tí bàbá wọn gbìn nígbà èwe rẹ̀. Ìyàwó tí ó fẹ́ lẹ́yìn náà wà níhìn-ín ní Ìjàpò pẹ̀lú ọmọ méjì, nínú ilé tí bàbá náà rà kí ó tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Kò pẹ́ tí a sin òkú tán ni ìwé dé láti ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé kí gbogbo àwọn tí ó ní ìpín nínú "estate" olóògbé náà péjọ ní ọjọ́ báyìí, ní agogo báyìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹbí, ẹni tí àwa fúnra wa kọ́ ní èdè ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ni wọ́n gbé ìwé náà fún kí ó túmọ̀ rẹ̀. Ó kà á, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn ará Oǹdó pé, "Lọ́yà ní kí àwọn tí ọ̀ràn ẹ̀sítéètì kàn wá." Àkọ́bí bàbá náà dáhùn pé, "Ẹ̀sítéètì? Ti Ìjàpò nìyẹn. Oko ni tiwa. Kí ìyá wa tí ó wà níbẹ̀ máa mú ilé rẹ̀." Wọn kò lọ.

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà forí lé. Ní ọjọ́ ìpàdé, a ka ilé, a ka oko, a ka owó tí ó wà ní báńkì. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ sì fi ọwọ́ sí ìwé. Nígbà tí àwọn tí ń wọn ilẹ̀ dé oko ní Oǹdó, àdá ni a fi pàdé wọn. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀. Fún ọdún méjì, àwọn ọmọ bàbá kan náà kò kí ara wọn; nígbà tí ó sì di pé kí a ṣe ìrántí bàbá wọn, ìsìn méjì ni a ṣe, ọ̀kan ní Àkúrẹ́, ọ̀kan ní Oǹdó.

Ta ni ó jẹ̀bi? Agbẹjọ́rò kọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó tọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò purọ́. Àwọn ará Oǹdó ṣe ohun tí etí wọ́n gbọ́. Nígbà tí a wò ó síwájú, tí a wò ó sẹ́yìn, a rí i pé àwa tí a kọ́ ọ̀dọ́ náà ni a jẹ̀bi. Nítorí pé a kọ́ ọ bí a ti ń pe ọ̀rọ̀, a kò kọ́ ọ bí a ti ń wá ìdí ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èyí tí a kò kọ́ dáadáa pàápàá, díẹ̀ ni ó kù kí ó gbé e tà.

Njẹ́, ẹ jẹ́ kí a wá ìdí ọ̀rọ̀ náà nísinsin yìí.

Láti inú èdè Látìnì ni ó ti ṣẹ̀, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí "dídúró". Àwọn Faransé gbà á lọ́wọ́ Látìnì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ Faransé. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ ni bí ènìyàn ti dúró àti ibi tí ó dúró sí. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni "state", èyí tí a fi ń pe ìpínlẹ̀ wa. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, tí a sì fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú rẹ̀, ẹnu àwọn ènìyàn wa kò dúró sí "sítéètì". Wọ́n mú ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí a fi ń pe ààlà ilẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di orúkọ ohun tuntun, ó sì bá a mu. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé èdè wa kò lè gbé ẹrù. A gbé ẹrù ọ̀kan nínú ọmọ ìyá méjì náà, a sọ ọ́ kalẹ̀ dáadáa. Èkejì nìkan ni a jẹ́ kí ó máa rìn gbéregbère láàrin wa.

Ìlò rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ipò tí ènìyàn wà. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 lò ó nínú orin Màríà, ní orí kìíní Ìhìn Rere Lúùkù, níbi tí ó ti ń sọ ti ipò rírẹlẹ̀ tí Olúwa bá a nínú rẹ̀. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, iṣẹ́ ńlá tí ó parí ní 1884, kò wá ilé, wọn kò wá ilẹ̀. "Ìwà ìrẹlẹ̀" ni wọ́n kọ. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n wọn. Lónìí, bí a bá gbọ́ "ìwà", ọkàn wa ń lọ sí ìwà rere tàbí ìwà búburú. Ṣùgbọ́n láti ara "wà" ni ó ti jáde, èyíinì ni bí nǹkan ti wà. Àwọn Látìnì mú ọ̀rọ̀ tiwọn láti ara dídúró, àwa mú tiwa láti ara wíwà. Ẹni tí ó túmọ̀ ibẹ̀ ti lọ dé orísun kí ó tó pọnmi. Bákan náà ni nínú ìwé àdúrà Gẹ̀ẹ́sì ti 1662: níbi tí ó ti pe ìgbéyàwó ní "estate" mímọ́, ipò mímọ́ ni ó ń wí. Àwa tí a ti so tọkọtaya púpọ̀ pọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wọ inú ipò náà ni ó ní ilé kankan.

Láti ara ipò ènìyàn kan ni ọ̀rọ̀ náà ti dé ara ẹgbẹ́ àwọn tí ipò wọn dọ́gba. Ní ilẹ̀ Faransé àtijọ́, mẹ́ta ni a pín àwọn ará ìlú sí: àwọn àlùfáà, àwọn ọlọ́lá, àti gbogbo àwọn ìyókù. "Estate" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí ọba wọn pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1789, ìpàdé náà ni ó di ìbẹ̀rẹ̀ ìyípadà ńlá tí ó gba adé lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àwọn oníwèé ìròyìn ṣe ẹ̀kẹrin, nítorí agbára tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Àwa náà ní tiwa láti ọdún 1859, nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní èdè Yorùbá. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá kà á pé oníwèé ìròyìn ni "estate" kẹrin, tí ó sì lọ wá ilé kẹrin ní Ìjàpò, ẹ má ṣe nà án. Ẹ nà olùkọ́ rẹ̀.

Nísinsin yìí a dé orí ilẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Nígbà tí William ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, òfin wọn wá dúró lórí èyí pé ọba ni ó ni gbogbo ilẹ̀, àwọn ìyókù ń dì í mú lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Nítorí náà agbẹjọ́rò Gẹ̀ẹ́sì kò sọ pé ẹnì kan ni erùpẹ̀. Ó ní "estate" nínú ilẹ̀ ni ènìyàn ní, èyíinì ni ẹ̀tọ́ láti dì í mú fún ìgbà kan. Ó lè jẹ́ títí ọjọ́ ayé ẹni náà. Ó lè jẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ní àrólé. Ẹ kíyè sí i pé àkókò ni ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀n níbẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa kò fi òṣùwọ̀n yìí wọ ilẹ̀ wọn. Ilẹ̀ ẹbí ni a mọ̀. Olórí ẹbí ń ṣe àkóso rẹ̀, àwọn tí ó wà láàyè ń jẹ nínú rẹ̀, àwọn tí a kò ì bí sì ní ìpín tiwọn. Nígbà tí a bá gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà lé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí, ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ni èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, èyí tí ó jẹ́ ti ìdílé Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn olóyè Ìdẹ́jọ. Olóyè Amodu Tijani, tí í ṣe Olúwa nígbà náà, béèrè owó ilẹ̀. Àwọn ilé ẹjọ́ níhìn-ín wò ó nínú dígí òfin Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ẹ̀tọ́ àkóso lásán ni ó ní, kì í ṣe pé ó ni ilẹ̀. Kò gbà. Ní 1920 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, àwọn adájọ́ ìkẹyìn tí ń gbọ́ ẹjọ́ fún Ọba Gẹ̀ẹ́sì dá a láre. Haldane, ẹni tí ó ka ìdájọ́ náà, kìlọ̀ fún àwọn adájọ́ pé kí wọ́n ṣọ́ra gidigidi kí wọ́n má ṣe máa fi ọ̀rọ̀ tí ó bá òfin Gẹ̀ẹ́sì nìkan mu túmọ̀ ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn wa sí ilẹ̀ wọn. Ó sọ pé ẹ̀tọ́ náà lè jẹ́ ti àwùjọ, kí ó má jẹ́ ti ẹnì kan. Ẹ̀yin ará, ọdún mẹ́jọ àti ìrìn-àjò kọjá òkun ni ó ná wa kí a tó lè sọ fún Òyìnbó pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá ọ̀ràn wa mu. Òyìnbó sì gbà. Ìtìjú ni yóò jẹ́ bí àwa fúnra wa bá tún sọ pé ó bá a mu.

Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti oṣù Kẹta ọdún 1978 ti jáde, Gómìnà ni a fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ní ìkáwọ́ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn, ẹni tí ó ń gbé lórí rẹ̀ sì ń gba ìwé àṣẹ tí gbogbo ayé ń pè ní C of O. Nítorí náà onílé ní Ìjàpò tí ó ń wí pé, "Ẹ̀sítéètì ni mo wà, ilẹ̀ mi ni," kí ó wo ìwé rẹ̀ dáadáa. Iye ọdún wà nínú rẹ̀. Ìtumọ̀ àtijọ́ náà ti bá a dé ilé láìròtẹ́lẹ̀.

Láti ara ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ ni a ti wá ń pe ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ní "estate", pàápàá ilẹ̀ fífẹ̀ tí ó jẹ́ ti olówó kan. Oko ńlá tí a gbin ohun kan ṣoṣo sí ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, bí oko rọ́bà tí ó wà ní Araromi-Obu ní ìpínlẹ̀ wa yìí. Ọkọ̀ gígùn tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, tí àwa ń pè ní wágọ̀n, "estate" ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí irú rẹ̀ ni a fi ń kó àlejò àti ẹrù wọn láti ibùdókọ̀ ojú irin lọ sí ilé àwọn onílẹ̀ ńlá. Kí a má ṣe fa èyí gùn; ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Lẹ́yìn náà ni ó wá di àdúgbò tí a fi ètò kọ́. Ní Èkó, lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń kó ran ènìyàn, ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Ní 1958 ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ilé kíkọ́, èyí tí ó kọ́ Bódìjà ní Ìbàdàn. Nígbà tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń rọ́ wọlé, Ìjàpò tiwa náà jáde. Ẹnìkan lè bi wá pé, kí ni a ó máa pe irú ibẹ̀ ní Yorùbá? Ṣé agboolé ni? Rárá. Ọmọ ẹbí kan ni ń gbé agboolé. Bàálé wà níbẹ̀, òrùlé kan gbá èkejì mú. Níhìn-ín, ọmọ Èkìtì ń gbé ní ojú kan náà pẹ̀lú ọmọ Ìkálẹ̀, ọmọ Ọ̀wọ̀ sì lè fẹ́ ọmọ ẹni tí ilé wọ́n kọjú sí ara wọn, kò sí èèwọ̀. Ohun tuntun ni. Ó dé pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Ní ti èyí, ẹ jẹ́ kí ó máa jẹ́ ẹ̀sítéètì. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Hausa ni dúkìá gan-an ti wá, kò sì sí ẹni tí ó ń bi í léèrè ìwé ìrìnnà. Yíyá ọ̀rọ̀ kò burú. Ohun tí ó burú ni kí a yá ọ̀kan, kí a sì fi dí ẹnu mẹ́fà tí a ti ní nílé.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni èyí tí ó dá ìjà sílẹ̀ ní Oǹdó. Nígbà tí ènìyàn bá kú, gbogbo ohun tí ó fi sílẹ̀ ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "estate" rẹ̀: ilé, oko, owó, àwọn gbèsè tí a jẹ ẹ́, àti àwọn gbèsè tí òun náà jẹ, tí a ó kọ́kọ́ san. Kì í ṣe ogún gan-an nìyẹn. Ogún ni èyí tí ó kù tí ó kan àwọn ọmọ. Nínú èyí pàápàá, ilé ẹbí ń bẹ tí a kì í pín. Bí a bá sì fẹ́ pín, ọ̀nà tiwa wà. Ní Èkó, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Súbérù Dáwódù, ẹni tí ó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, kò sì kọ ìwé ìpíngún. Ṣé ọ̀nà mẹ́rin ni a ó pín in sí, gẹ́gẹ́ bí iye ìyá, tàbí mẹ́sàn-án, gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ? Ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ dájọ́ ní 1958, Lọ́ńdọ̀nù sì fi ọwọ́ sí i ní 1962, pé Ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àti pé Orí-ò-jorí wà fún ìgbà tí olórí ẹbí bá rí i pé èyí ni yóò parí ìjà. Ẹ fi etí sí èyí: àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò rí ọ̀rọ̀ kankan ní èdè wọn fún àwọn nǹkan méjì yìí. Wọ́n kọ Ìdí-igi, wọ́n kọ Orí-ò-jorí, sínú ìdájọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ wa wọ ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, ó sì jókòó, kò sí ẹni tí ó ní kí ó dìde.

Kí ni ó kù tí a ó sọ? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe kọ́ ọmọ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ní ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí í ṣe ìbejì rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ kí ó bèèrè pé: ta ni ń sọ̀rọ̀? Kí ni ó ń sọ nípa rẹ̀? Ta ni yóò gbọ́ ọ? Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó la ẹnu. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti ní ilé àti oko, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbọ́ ohun tí ẹ ní àti bí ẹ ti fẹ́ kí a pín in, ní èdè tí wọ́n fi ń pè yín ní bàbá àti ìyá, nígbà tí ohùn yín ṣì wà. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́, fífọ́ ni ń fọ́.

Ní ti ẹbí tí a sọ̀rọ̀ wọn, a bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n gbà láti wá sí ilé wa. A mú ìwé agbẹjọ́rò náà jáde, a sì kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí a ti bá "estate", a kò pe ẹ̀sítéètì, a wí pé, "Gbogbo ohun tí bàbá yín fi sílẹ̀: ilé Ìjàpò, oko Oǹdó, owó báńkì, gbèsè tí ó jẹ, gbèsè tí a jẹ ẹ́." Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, àkọ́bí wí pé, "Ṣé ohun tí ó wà nínú ẹ̀sítéètì nìyẹn? Ẹ̀yin bàbá wa, kí ni kò jẹ́ kí ẹ ti sọ ọ́ báyìí láti ọjọ́ kìíní?" A kò rí èsì fọ̀ fún un. Opó náà dìde, ó bu omi fún un mu.

Ọ̀ràn náà kò tí ì parí. Wọ́n ti gbà láti jọ padà sí ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò, kí a tún ìwé náà kọ kí ó kan àwọn márààrún. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ọkùnrin náà bi wá ni a gbé wá fún yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí, nítorí pé kì í ṣe àwa nìkan ni ó yẹ kí ó dáhùn rẹ̀.